Igi wo lẹ fi ṣe ìlẹ̀kùn fèrèsé ìta ilé yín?

Àdùkẹ́ Adó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ikán ti jẹ ìlẹ̀kùn fèrèsé ilé bàbá mi. Èmi àti àbúrò mi la fẹ́ kan tuntun fúnra wa. Pákó wo ló lè fara da òjò? Ẹ sọ ìrírí yín.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ìrókò. Ó parí.

Báyọ̀ Káfíńtà: Ìrókò dáa, àmọ́ ẹ ra èyí tó gbẹ. Oníbàárà mi kan gbé tútù wá láti sọ́míìlì. Mo ní ká tò ó síbòji, ká fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín wọn kí atẹ́gùn ráyè kọjá. Ó ní Kérésì ti dé tán. Nígbà tí ọyẹ́ mú, pákó súnkì, àlàfo tó yọ láàárín wọn, ẹ lè máa tibẹ̀ wo ẹni tó ń kọjá ní títì.

Ìyá Ìbejì: 😂😂 Kò tún nílò kámẹ́rà mọ́ nìyẹn!

Délé Ìkẹ́rẹ́: Ta ló lówó ìrókò lásìkò yìí? Ẹ wá igi apá. Kì í wú, kì í sì í súnkì bíi tàwọn yòókù. Ó wúwo ṣá, híńjì mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi gbé e.

Ìyá Ìbejì: Níbo lẹ ti ń rí apá rà? Èyí tí wọ́n tà fún mi ní "ìrókò", arère ni, wọ́n kàn kùn ún. Òjò ọdún kan péré, mo fi èékánná tẹ ìdí rẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́ bíi búrẹ́dì inú tíì.

Báyọ̀ Káfíńtà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ máa gbé e lọ́wọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, arère fúyẹ́. Ẹ sì fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀.

Àbíkẹ́ 77: Ṣé ẹ ti bẹ Olúwéré, iwin inú ìrókò, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé? 😂

Ọmọ Ìkọ̀lé: Olúwéré ti kó lọ tipẹ́, ariwo sọ́míìlì ò jẹ́ kó sùn. Eruku ìrókò gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ bo imú yín.

Délé Ìkẹ́rẹ́: Àwa la mọ igi o. Ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ wa, tí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére gbẹ́ ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù dòní.

Ará Ìsẹ̀: Ọlọ́wẹ̀ tiwa! Ẹ̀yin kàn gbéṣẹ́ fún un ni.

Ẹ̀fọ̀n Gidi: Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí. Ẹ jókòó.

Àdùkẹ́ Adó: Ẹ jọ̀ọ́, fèrèsé bàbá mi ńkọ́?

Báyọ̀ Káfíńtà: Apá, tẹ́ ẹ bá rí i. Ẹ fi ọ̀dà kun orí àti ìdí pákó dáadáa, níbi tí ayùn ti gé e, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé.

Ará Ìsẹ̀: Ẹ̀fọ̀n, orúkọ ìlú wo ni gbogbo ayé fi ń pe Ọlọ́wẹ̀?