Jẹjẹrẹ ọmú ẹ̀gbọ́n mi ti padà, dókítà kò tíì sọ ìtọ́jú: kí ni ká ṣe báyìí?

Ọmọ Òkè-Àró, Birmingham
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́, ni mo gbé wá. Ní 2020 ni wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan, ó gba kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ó ń lo tamoxifen, oògùn oníhóró tó ń dínà họ́mọ́ònù, ara sì yá. Láti ìgbà Ọdún Àjíǹde ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Tíṣà ni, a rò pé ìdúró níwájú pátákó ló fà á. Wọ́n ti ya CT, àwòrán inú ara, báyìí: ó ti wà nínú eegun ẹ̀yìn àti nínú ẹ̀dọ̀. Dókítà ní àwọn máa gé díẹ̀ lára èyí tó wà ní ẹ̀dọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí àwọn tó jókòó pinnu ìtọ́jú.

Ilé ti dàrú. Bọ̀dá wa àgbà ní ká ta ilẹ̀ Ọba-Ilé ká fi gbé e wá sí ìlú òyìnbó. Ìyàwó bọ̀dá ti rí alágbo kan ní Ondo. Èmi tí mo wà níbí ni gbogbo wọn ń wò lójú. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Leeds
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Wọ́ọ̀dù àwọn oníjẹjẹrẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má tíì ta ilẹ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí èsì ohun tí wọ́n fẹ́ gé yẹn jáde ná. Jẹjẹrẹ ọmú kì í ṣe oríṣi kan. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá lára rẹ̀: ER àti PR, ìyẹn ibi tí họ́mọ́ònù obìnrin ti ń ràn án lọ́wọ́, àti HER2, èròjà kan tó ń mú un dàgbà kíákíá. Bó bá ní ER, oògùn tó ń dínà họ́mọ́ònù ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, oníhóró tó lè máa lò nílé. Bó bá ní HER2, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ bíi trastuzumab kún kẹ́mò. Bí kò bá ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kẹ́mò ló máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Èyí tó padà sì lè má jọ ti àkọ́kọ́. Èyí tó ní ER nígbà náà lè má ní in mọ́. Ìdí tí dókítà fi fẹ́ gé e nìyẹn, kì í ṣe pé ó ń fi ọjọ́ falẹ̀.

Iṣẹ́ tiyín nísinsìnyí: ẹ lọ wá bulọ́ọ̀kù 2020. Ẹran ara tí wọ́n gé nígbà yẹn, laabu máa ń fi ìda bò ó pa mọ́. Ẹ gbà á pẹ̀lú ìwé èsì rẹ̀. Bí wọn kò bá yẹ ER, PR àti HER2 wò nígbà náà, wọ́n ṣì lè yẹ̀ ẹ́ wò lára bulọ́ọ̀kù yẹn lónìí. Fún CT, ẹ gba àwòrán rẹ̀ lórí CD, kì í ṣe ìwé àlàyé nìkan. Dókítà tó bá máa bá yín wò ó láti ọ̀nà jíjìn, àwòrán ló máa béèrè.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìpàdé dókítà kankan. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ rẹ̀ bá ń kú tipiri, bí kò bá lè tọ̀ tàbí tí ìtọ̀ ń yọ láìmọ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òru. Ó lè jẹ́ pé eegun ti ń tẹ okùn ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ó lè má rìn mọ́. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó ń sùn tì í, kì í ṣe bọ̀dá yín nìkan.

Bàbá Tólú, Manchester
Ọ̀rọ̀ fisà: ó wà, àmọ́ lẹ́tà dókítà tó máa tọ́jú rẹ̀ níbí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, pẹ̀lú iye owó, iye àkókò, àti ẹ̀rí pé owó wà nílẹ̀. Kò sí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àlejò. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, fúnra rẹ̀ máa ń gba ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń ná wọn lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Ọba-Ilé á tán kí ẹ tó mọ̀. Bó bá jẹ́ pé oògùn oníhóró ló máa jáde nínú èsì, Àkúrẹ́ náà ló ti máa lò ó.

Ìyá Ìbejì, Houston
Èmi náà ń bá a gbé láti 2019, nínú eegun. Ẹ má bá mi dárò, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń bá ọkọ mi jà.

Ohun tí wọn kì í sọ fún ẹbí ni pé bó bá ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí eegun, dókítà kò sábà ṣèlérí pé á tán pátápátá. Wọ́n ń tì í sẹ́yìn ni. Oògùn kan á ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan, bó bá ṣíwọ́, wọ́n á gbé òmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ lórí oògùn àkọ́kọ́ kò ní rí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì rà. Ẹ bi dókítà léèrè: kí ni yóò tẹ̀ lé èyí bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, èló ni lóṣù, ìgbà wo la máa ya CT tó máa fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ alágbo: ẹ̀dọ̀ tí àrùn ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà ló máa lọ oògùn dókítà, ẹ tún fẹ́ da àgbo lé e? Mi ò ní kí ẹ bá ìyàwó bọ̀dá yín jà. Ẹ ní kí alágbo sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ìbéèrè kan: ṣé òun fúnra rẹ̀ mọ ibi tó dé?

Ọmọ Òkè-Àró, Birmingham
Wọn kò tíì sọ ti ẹ̀dọ̀ fún un. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ á dàrú.

Ìyá Ìbejì, Houston
Háà. Ẹ pè é lónìí, ẹ̀yin fúnra yín. Ara rẹ̀ ni.

Ọmọ Èkìmògún, Toronto
Ìyá mi ni tèmi, ní Ondo. Ẹ fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì ọsibítù bó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe di trastuzumab sínú báàgì arìnrìn-àjò o, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius ni òtútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Fún ìrora eegun, ẹ béèrè nípa rediothẹ́rápì, ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìtànṣán ṣe. UCH Ìbàdàn ń ṣe é, LUTH ní Èkó náà ń ṣe é ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n ṣí ní 2019. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré tó, nítorí fún ìrora eegun, ìwọ̀n ìtànṣán 8 Gy lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń dín ìrora kù tó ti ọlọ́jọ́ púpọ̀. Owó ilé àlejò tí èyí bá wa fi pamọ́ kò kéré. Mọ́fíìnì náà, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, kì í sábà sọ èèyàn di ẹrú oògùn bó bá ń lò ó fún ìrora bí dókítà ṣe ní. Àmọ́ ó ń dí inú. Ẹ gba oògùn tó ń tú inú pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Nọ́ọ̀sì Leeds
Mo fẹ́ gbàgbé: wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú eegun le, zoledronic acid tàbí denosumab. Kó lọ rí dókítà eyín ṣáájú. Bí wọ́n bá yọ eyín lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀, eegun àgbọ̀n lè kọ̀ láti jiná.

Ọmọ Òkè-Àró, Birmingham
Mo ti pè é. Ó ti ka ìwé CT náà tán kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ní òun ń wo gbogbo wa bí a ṣe ń ṣe eré orí ìtàgé. Ó ní òun kò lọ ìlú òyìnbó kankan, kí wọ́n fi ilẹ̀ àwọn ọmọ òun sílẹ̀. Ifẹ̀ ni wọ́n ní kó ti wá gé ti ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàkà, Àkúrẹ́
Ilé ni mo wà báyìí, mo lè gbé e lọ sí OAUTHC, ọsibítù ńlá Ifẹ̀ yẹn. Kó má wọ bọ́ọ̀sì o. Iwájú ni kó jókòó, ká dẹ àga sẹ́yìn, ká fi tìmùtìmù ti ìbàdí rẹ̀. Kó lo oògùn ìrora kó tó wọlé sí mọ́tò. Àá máa dúró kó na ẹsẹ̀ kí a tó dé Iléṣà. Bó bá fẹ́ ẹni tó ti rí i rí bá sọ̀rọ̀, kó wá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn oníjẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́, tí Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, ìyàwó gómìnà wa àná, dá sílẹ̀ ní 1997. Jẹjẹrẹ ọmú ṣe òun náà rí.

Ọmọ Òkè-Àró, Birmingham
Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Ti bulọ́ọ̀kù ńkọ́? Ṣé laabu á gbé e fún ẹlòmíì?

Ẹ̀gbọ́n Alágbàkà, Àkúrẹ́
Kí ẹ̀gbọ́n yín kọ lẹ́tà, kó fọwọ́ sí i, kó fi nọ́ńbà ọsibítù 2020 sí i àti fọ́tò káàdì rẹ̀. Màá yà gbà á ní Ìjàpọ̀ lọ́la kí n tó lọ sí laabu.