Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ₦150,000 ni mo ní, kọ̀ǹpútà géèmù mi sì ti ń darúgbó

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Dell OptiPlex 9020 ni mo ń lò, èyí tó dúró gàgàrà, kì í ṣe pẹlẹbẹ. Tòkúnbọ̀ ni. CPU i5-4590 (ọpọlọ rẹ̀) ló wà nínú rẹ̀, RAM 8GB (ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí), hard disk 500GB, pẹ̀lú graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde) GTX 750 Ti 2GB tí mo fi kún un fúnra mi. PES 2017 ń lọ geere lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá wọ mọ́tò nínú GTA V tí mo tẹ̀ ẹ́, ó di pé kí ojú títì pòórá, kí mọ́tò mi máa fò lófuurufú. Ti géèmù bọ́ọ̀lù FC 24 tún wá burú. Mo lè lọ pọn omi kí n sì padà wá bá a níbi tó ti ń ṣí.

₦150,000 ni mo tù jọ. Kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí owó iléèwé àbúrò mi ti dé tán. Ẹnì kan tó ń ta ọjà ní kí n kó gbogbo ẹ̀ lé graphics card RX 580 8GB kan, ó ní òun nìkan ló máa yanjú gbogbo wàhálà mi. Ṣé kí n gbé e?

Bàbá Wáyà
Àbúrò, má gbé e o. Kò sí ohun tó ṣe RX 580, ilé tó fẹ́ wọ̀ ni kò gbà á. Káàdì yẹn ń jẹ tó wáàtì 185. Power supply (àpótí tó ń pín iná) tí Dell fi sínú 9020 rẹ, wáàtì 290 péré ni, kò sì ní wáyà tí wàá kì bọ ẹ̀yìn káàdì náà. Wọ́n lè ní kó o pààrọ̀ power supply. Ó dáa, ẹnu wáyà oníhò mẹ́jọ ni Dell lò lórí bọ́ọ̀dù (motherboard) yẹn, kì í ṣe oníhò mẹ́rìnlélógún tó wà níta. Wàá tún wá adapter. Owó ti tán, o ò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan.

Kó o tó ná kọ́bọ̀, ṣí Task Manager, jẹ́ kí géèmù máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó o wo èyí tó ń sún mọ́ 100% láàárín CPU, memory (RAM nìyẹn) àti disk. Padà wá sọ ohun tó o rí.

Jọ̀wọ́ Gba Gọ́ọ̀lù
Tà á danù, fi owó náà kún un, ra PS4 tòkúnbọ̀. Gbogbo àlàyé yìí ti pọ̀ jù.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
@Jọ̀wọ́ Gba Gọ́ọ̀lù, òun náà ni mo fi ń ya AutoCAD fún iléèwé. Ṣé PS4 máa bá mi ya àwòrán ilé?

Bàbá, mo ti wò ó. Disk ń lu 100% láìsọ̀kalẹ̀. Memory wà ní 93%. CPU ń lọ ń bọ̀ láàárín 60 sí 80. Mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò náà: RAM kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ihò mẹ́ta ṣófo.

Àǹtí Ẹ̀rọ
O ti dá ara rẹ lóhùn nìyẹn. Hard disk ló ń pa ọ́ kú. Ojú títì tó ń pòórá nínú GTA, kọ̀ǹpútà ń wá àwòrán ọ̀nà lórí disk, mọ́tò rẹ sì ti sáré kọjá kó tó rí i. Hard disk tó lera kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àgàgà èyí tó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọdún gbọọrọ. SSD SATA lásán, tó ń ṣe iṣẹ́ hard disk láìní ohun tó ń yí nínú, a máa kà tó 500MB.

Gbọ́ bí mo ṣe máa ṣe é ká ní èmi ni. SSD ni màá kọ́kọ́ rà, 480GB, torí FC 24 nìkan fẹ́ gba àyè 100GB, Windows náà sì ní ikùn tirẹ̀. SATA ni kó o sọ. Má jẹ́ kí wọ́n ta NVMe, irú SSD mìíràn, fún ọ, kò sí ihò rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù yẹn. Lẹ́yìn náà, RAM 8GB kan sí i, DDR3 ti desktop, kì í ṣe ti laptop, èyí tí wọ́n kọ PC3-12800 sí lára. Ihò aláwọ̀ kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ ni kó o fi sí, kí àwọn méjèèjì lè jọ máa gbé e. Ẹni tó ń fi RAM kan ṣoṣo ta géèmù dà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan fọ aṣọ.

Kí o sì tó fi nǹkan kan sí i, nu ibẹ̀! Ìgbà wo lo ti pààrọ̀ thermal paste (ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lára CPU) tó wà lábẹ́ fáànù gbẹ̀yìn? Eruku ọyẹ́ ọdún mélòó ló wà níbẹ̀? CPU tó bá ti ń sún mọ́ 100 dígírì máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná, ìwọ á sì rò pé ó ti gbó ni. Oníbàárà mi kan fẹ́ ra tuntun, búrọ́ọ̀ṣì àti paste ni mo fi lé e lọ sílé.

Káàdì ló kẹ́yìn. Wá GTX 1050 Ti 4GB tí kò ní ihò wáyà iná lára. Wáàtì 75 ló ń jẹ, ara bọ́ọ̀dù ló ti ń fà á. Òun gan-an ni àwọn tó ṣe FC 24 kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ káàdì tó rẹlẹ̀ jù lọ tó lè gbé géèmù náà. i5 rẹ kò tó CPU i5-6600K tí wọ́n kọ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo ti rí i lórí irú tìrẹ, ó ń gbá a, kàn fa àwòrán rẹ̀ wálẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Ẹni tó bá fẹ́ ra 1050 Ti, ẹ fetí sílẹ̀. Èmi ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan, páálí rẹ̀ ń dán gbinrin. Nígbà tí mo fi GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, wò ó nílé, ó kọ [FAKE] sí iwájú orúkọ rẹ̀. Káàdì àtijọ́ tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà nínú BIOS (ètò tó wà nínú káàdì fúnra rẹ̀) ni. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ojúlówó 1050 Ti kì í sábà ní ihò VGA, ihò wáyà monitor àtijọ́. Tèmi ní in, mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé monitor mi àtijọ́ máa gbà á! Ẹ gbé GPU-Z sórí flash lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ìyá Táyé
Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ iná o. Inverter kékeré ni ọmọ mi fi ń ta géèmù tí NEPA bá ti mú un lọ. Káàdì tó ń jẹ 75 àti èyí tó ń jẹ 185, bátìrì mọ ìyàtọ̀ wọn ju ẹni tó ń tà á lọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Wọ́n ní CPU i7-4790 máa ń wọ bọ́ọ̀dù mi. Ṣé kí n fi kún un?

Bàbá Wáyà
Á wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n CPU rẹ kò tíì dé 100, kí lo fẹ́ wò sàn? Ohun mìíràn ni pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti 14 October 2025, àti i5 rẹ àti i7 yẹn, kò sí èyí tó wà lára àwọn tí Windows 11 fọwọ́ sí. Má kó owó púpọ̀ lé bọ́ọ̀dù yìí. SSD, tó o bá ra kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́la, wàá tú u lọ. Káàdì náà, bẹ́ẹ̀. i7 yẹn, ibẹ̀ ló máa kú sí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ẹ̀yin àgbà, mo ti dé o. SSD 480GB gba ₦55,000, RAM gba ₦14,000, paste gba ₦3,000. Àǹtí, ẹ ò parọ́: òkú ọmọńlé kan wà láàárín fáànù àti irin tó ń fa ooru, ó ti gbẹ bíi pankẹ́rẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó wọlé.

GTA V ti yí padà pátápátá, ojú títì ti dúró síbi tó yẹ kó wà. FC 24 ń ṣí kí n tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń há tí èrò bá pọ̀ nínú àpótí penalty. Ti 750 Ti nìyẹn, mo gbà.

₦78,000 ló kù. Mo ti rí 1050 Ti kan, ₦85,000 ló pè é. Mo ní kó jẹ́ kí n fi GPU-Z wò ó, ó ní kò sí iná ní ṣọ́ọ̀bù òun.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́
Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Mọ́kọ́lá
Ó ń dún. Mo ń padà lọ síbẹ̀ lọ́la, pẹ̀lú wáyà tó gùn.