Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ tó ń tún ètè ọmọ tó là ṣe ní Èkìtì?

ÌyáTuntunAdó: Ẹ kú ilé o. Ètè ọmọ mi ló là, apá òsì, ó wọnú ihò imú. Ibo la lè gbé e lọ? Dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an o, kó má di àpá sí i lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá.

Nọ́ọ̀sìÌyìn: Ẹ kú ewu ọmọ ma. Oṣù mélòó ni, kílò mélòó? Àjà ẹnu ńkọ́, ṣé òun náà là? Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 10, tó wọn tó kílò 4 ààbọ̀, tí hemoglobin rẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, náà tó 10, wọ́n á gbà á. Ètè ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, àjà ẹnu á dúró di bí oṣù 9 sí 18. Ẹ béèrè àwọn maxillofacial, àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú, ní EKSUTH, teaching hospital ti ìpínlẹ̀ l'Ádó, tàbí Federal Teaching Hospital n'Ídòó.

ỌmọÌkẹ́rẹ́: Ẹ rọra o!! Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, hospital kan tí mi ò ní dárúkọ, dókítà tó ń la ikùn láàárọ̀ ló ní òun lè rán ètè nírọ̀lẹ́. Ó kàn fa ètè méjèèjì pọ̀, ó rán an bí ẹni ń rán àpò gàrí. Wọn ò de ìgbọ̀nwọ́ ọmọ, ló bá ki ọwọ́ bẹnu, òwú já, wọ́n tún un rán. Títí dòní ètè yẹn fà sókè, ihò imú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

AdékẹmiEfọ̀n: Yéè! Ẹ dárúkọ ibẹ̀ jàre

ỌmọÌkẹ́rẹ́: Kí wọ́n wá fi lọ́yà mú mi?

ÌyáTuntunAdó: Ẹ̀rù ti bà mí báyìí o

Bọ̀dáÀràmọkọ: Ẹ ní kí wọ́n ṣe Millard, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà rán ètè, kò séwu. Wọ́n á gé apá kan kó lè yí wálẹ̀, wọ́n á fa apá kejì wá dí àlàfo yẹn, àpá ẹ̀ á wá bọ́ sójú ìlà tó wà lábẹ́ imú tẹ́lẹ̀.

StudentABUAD: Ẹ̀gbọ́n, Millard nìkan kọ́. Tó bá là gbòòrò, ètè lè kúrú. Ti Tennison, tí wọ́n ń gé onígun mẹ́ta, ń jẹ́ kó gùn, àmọ́ àpá ẹ̀ máa ń dábùú ìlà abẹ́ imú yẹn. Ti Fisher náà wà, 2005 ló jáde. Ọwọ́ tó ń ṣe é lẹ máa wò.

Bọ̀dáÀràmọkọ: Ta ló bi ẹ́, student? Ṣé o ti rán ètè rí?

StudentABUAD: Ẹ̀yin ńkọ́ sir?

MàmáỌ̀tùn: Nígbà tiwa, aláboyún kì í rìn lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́.

AdékẹmiEfọ̀n: Màmá, ọmọ ti dé, ibi tí wọ́n ti máa ṣe é ni wọ́n ń béèrè 😭 Ma, ẹ má tíì sanwó fẹ́nì kankan, Smile Train, àjọ aláàánú kan, ń gbé owó ẹ̀ fún àwọn hospital tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.

ÌyáTuntunAdó: Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. Oṣù mẹ́rin ni, àjà ẹnu ò là. Teaching Hospital Ifẹ̀ la máa gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, á lè máa bá mi gbé ọmọ, nítorí n kì í lè sùn tó bá ń ké. Dókítà á mọ èyí tó máa gé.

Nọ́ọ̀sìÌyìn: Ó dáa ma. Ẹ wọn ọmọ kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ má lọ lásán. Tó bá ní ikọ́ tàbí catarrh, wọ́n lè dá yín padà.

Bọ̀dáÀràmọkọ: Ifẹ̀ náà dáa. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé Millard o.