Láti họ́sítẹ́ẹ̀lì sí ilé tèmi ní London: lẹ́tà wo ni mo nílò?

Ẹ̀yin ará wa ní London, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọmọ ọdún 31 ni mí, oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn aláìnílé. Káńsù ti gbà láti san dìpọ́síìtì bí mo bá rí ilé fúnra mi. Mo ti wá rí yàrá kan tó ní ilé ìdáná tirẹ̀, lánlọ́ọ̀dù náà kò sì kọ ẹni tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba. Irú wọn ṣọ̀wọ́n, n kò fẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ káńsù ní nítorí pé n kò tíì pé ọdún 35, owó yàrá nínú ilé àjùmọ̀gbé nìkan ni wọ́n máa fi ṣírò owó ìrànwọ́ ilé tèmi. Ṣùgbọ́n mo kà pé ẹni tó bá ti lo ó kéré tán oṣù mẹ́ta ní irú họ́sítẹ́ẹ̀lì yìí, tí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀ láti lè dá gbé, lè gba iye owó ti ilé oníyàrá kan. Mo pe káńsù lẹ́ẹ̀mẹta, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Universal Credit, wọ́n kàn ń tì mí síra wọn ni. Họ́sítẹ́ẹ̀lì ti ṣetán láti kọ lẹ́tà fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba owó yìí rí, kí ni lẹ́tà yín sọ gan-an, ta lẹ sì fún? Ṣé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé ilé ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?