Ṣé "ọ̀gá àwo" ni, àbí àwo tó ń jẹ lọ́wọ́?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọjọ́ Ajé, iná ni ò jẹ́ n fèsì, ìgbà tí iná sì dé, oníbàárà ò jẹ́. Fún ẹni tí ò bá wọn bẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n wa kan ń túmọ̀ àròkọ nípa orin rọ́ọ̀kì àtijọ́, wọ́n wá bèèrè pé kí la máa pe àwo táwọn èèyàn gbà pé ó dára jù nínú gbogbo àwo tí ẹgbẹ́ olórin kan ṣe, torí nínú àròkọ ọ̀ún àwo yìí kì í dúró sójú kan, lónìí wọ́n á ní èyí ni, tó bá tún ṣe díẹ̀ wọ́n á ní rárá o, ìyẹn ni. Ẹnì kan ní ká pè é ní "ọ̀gá àwo", ẹnì kan ní "àgbà àwo", àbúrò wa kan ní "ògbólógbòó àwo", èyí tí mo rẹ́rìn-ín sí títí, torí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí mi níbí, olè la máa ń pè ní ògbólógbòó.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká máa fi àmì sọ́rọ̀ wa. Ẹni tó kọ "awo to gbona ju" lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ babaláwo ni, mo tún rò ó bóyá ẹyẹ awó ni wọ́n ń sè. Àwo là ń wí, àwo tá a fi ń jẹun yẹn náà, torí bí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe rí pẹrẹsẹ tó sì rí róbótó làwọn bàbá wa ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa. "Ọ̀gá àwo" ò burú létí, àmọ́ ẹni tó bá ní ọ̀gá ti ní ọmọọṣẹ́, àwo tó kù kì í sì í ṣe ọmọọṣẹ́ ẹ̀. "Àgbà àwo" ni mi ò fara mọ́ rárá. Ipò àgbà ò ṣeé gbà lọ́wọ́ èèyàn, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí ni àgbà títí ilẹ̀ á fi mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún ni nǹkan tí wọ́n máa ń já gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ká mú The Beatles, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Ìlú Ọba tí àròkọ yẹn dá lé, tó bá jẹ́ ti àgbà ni, Please Please Me ti 1963 ni àgbà àwo wọn, mi ò sì tíì rí ẹni tó ní òun ló dára jù.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ ni "tó dára jù" tí gbogbo wa ń tẹ̀ bí ẹni pé ó ti yé wa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi orin sí mẹ́mọ́rì fún èèyàn, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Tákíè, ọ̀rọ̀ "àwo" yìí ni mo fi ń jẹun. Oníbàárà á dé, á ní "fi àwo Barrister tó dáa jù sí i fún mi". Tẹ́lẹ̀ mo máa ń ṣe bí ọlọ́gbọ́n, máa fi Fuji Garbage tó jáde ní 1988 sí i, torí òun lorúkọ ẹ̀ ń ròkè jù létí tèmi. Àwọn kan á padà wá bá mi jà. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ìgbò ló là mí lójú, wọ́n ní "èyí lórúkọ, ṣé olórúkọ ni mo ní kó o fún mi ni, èyí tó dùn ni mo wí." Látọjọ́ náà, mi ò kí ń fi nǹkan kan sí fóònù ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bèèrè pé ṣé èyí tó dáa ni, àbí èyí tó dùn, àbí èyí tó lórúkọ.

Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Èyí tó dáa, o lè fọwọ́ tọ́ka sí i, bí ìlù ṣe wọlé, bí wọ́n ṣe to orin tẹ̀ léra, ibi tí ò ti mẹ́hẹ. Èyí tó dùn, etí ẹni tó ń gbọ́ ọ ló mọ̀ ọ́n, kò ṣeé bá èèyàn jà sí, àwa tí wọ́n ń kì pé à ń jọkà ká tó mùkọ yangan, ta ló fẹ́ wá bá wa fa á pé ẹ̀kọ ló yẹ kó ṣíwájú? Èyí tó lórúkọ wà lẹ́nu àwọn ẹlòmíì ní tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú agbọ̀n kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jiyàn lórí àwo kan fún ọgọ́ta ọdún, ẹnì kan ń sọ dídùn, èkejì ń dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Sgt. Pepper's Lonely Hearts Club Band, àwo The Beatles kan, jáde ní 1967, òun ni àwo rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ tó máa gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ti àwo tó ta yọ jù lọ́dún. Nígbà tí ìwé ìròyìn Rolling Stone to 500 àwo tó dára jù jọ ní 2003, òun ló wà nípò kìíní, ní 2012 ó ṣì jókòó síbẹ̀. Ní 2020 wọ́n tún ìbò dì látìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó dìbò lé ní 300, àwọn olórin ìwòyí bíi Beyoncé àti Taylor Swift wà nínú wọn, ni Sgt. Pepper bá já bọ́ sí 24. Revolver, àwo wọn ti 1966, tó wà ní 3 nínú ti 2003, lọ sí 11. Abbey Road, àwo wọn ti 1969, tó wà ní 14, gòkè wá sí 5. Ẹ̀gbọ́n kan níbí ní àwọn tó ń dìbò ló yí padà, pé orin ò yí. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tán síbẹ̀, torí orin pàápàá yí, mo fojú mi rí i.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tá a máa ń pè ní Bàbá Àgbà, kàwé ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kó àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù kan bọ̀ wálé ní 1980. Giramafóònù wọn ti bà jẹ́ tipẹ́, abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò sì ṣeé rí rà mọ́, ni mo bá ní kí n fi Revolver sí fóònù wọn, ó ṣáà jẹ́ àwo tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. "Taxman" lọ, wọ́n ń mi orí. "Eleanor Rigby" lọ. Ló bá kan "I'm Only Sleeping", wọ́n yọ íáfóònù létí, wọ́n ní "o ti da orin pọ̀". Mo ní rárá, Bàbá, bó ṣe wà nìyí. Wọ́n ní irọ́ ni, "Love You To" ló kàn. Wọ́n dìde lọ sílé, wọ́n gbé páálí àwo náà wá, wọ́n fi ìka tò ó sókè sódò lójú mi: orin 11. Tèmi jẹ́ 14.

Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú àwa méjèèjì. Capitol, iléeṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde ní Amẹ́ríkà, ti yọ orin mẹ́ta ti John Lennon, ọ̀kan nínú àwọn olórin náà, lọ sínú àwo mìíràn, Yesterday and Today, tó ṣíwájú ẹ̀ jáde, ohun tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ṣe Revolver ti Amẹ́ríkà. Ìlú Ọba ni odindi wà. Ìgbà tí wọ́n kó o sí síídì ní 1987 ló tó di pé ti Ìlú Ọba ni wọ́n ń tà níbi gbogbo. Ẹ wá rò ó wò, fún ogún ọdún ará Amẹ́ríkà ń fi Sgt. Pepper tó dé ọwọ́ wọn ní odindi wé Revolver tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀, kí ni ò ní jẹ́ kí Sgt. Pepper borí? Lójú tèmi, nígbà tí orin mẹ́ta yẹn padà sílé làwọn èèyàn ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé àwo kan náà la jọ ń wí, ká tó bèèrè èyí tó dára jù, ẹ jẹ́ ká bèèrè èwo lo gbọ́.

Ti Abbey Road yàtọ̀ díẹ̀. Ojú kejì àwo yẹn (ojú là ń pè é nílé wa o, ẹ má bá mi mú "ẹ̀gbẹ́" wá) ní àwọn orin kéékèèké tí wọ́n so mọ́ra bí ìṣẹ́jú 16 láìdánu dúró, ẹni tó bá gbọ́ jùjú àti fújì dàgbà ò ní rí nǹkan àrà níbẹ̀, bí àwọn tiwa ṣe ń ṣe é nìyẹn, ojú kan, orin kan ṣoṣo. Àmọ́ ọmọ àdúgbò Under G tó ń wá sọ́dọ̀ mi ò mọ ojú kìíní mọ ojú kejì, "Here Comes the Sun" nìkan ló mọ̀, orin The Beatles tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ lé ní ìgbà bílíọ̀nù kan lórí Spotify, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2023. Orin kan ló ń fa odindi àwo gòkè. Ṣé dídára nìyẹn àbí dídùn? Dídùn ni, ó sì máa di orúkọ.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé lẹ́bàá Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ló wá mú èyí tó wọ̀ mí lára jù wá: "àwo Àjàká". Ẹ rántí pé Àjàká jẹ Aláàfin, wọ́n ní ó rọ̀ jù, wọ́n bá rọ̀ ọ́ lóyè, Ṣàngó jẹ, lẹ́yìn Ṣàngó wọ́n lọ mú Àjàká padà wá. Ó ní àwo tí wọ́n bá yọ nípò tó sì padà síbẹ̀, ká máa pè é ní Àjàká. Ó dùn mọ́ mi, àmọ́ mo wá àwo tó bá a mu dọ́gba, mi ò rí. Sgt. Pepper ló sún mọ́ ọn: ní 2017 tí wọ́n tún un ṣe fún àádọ́ta ọdún ẹ̀, ó padà sípò kìíní lórí àtẹ títà ní Ìlú Ọba, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló bọ́ sí 24 nínú ti Rolling Stone. Àjàká tí wọ́n dá padà tán tí wọ́n tún lé, ìyẹn ò sí nínú ìtàn Ọ̀yọ́.

Ohun tí mo mú nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀, "jẹ". A kì í wá orúkọ tuntun fún Aláàfin kọ̀ọ̀kan ká tó mọ ẹni tó wà lórí oyè, a máa ń ní lágbájá jẹ, lámọ̀rín jẹ tẹ̀ lé e, Àjàká jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ̀gbọ́n fi orúkọ sílẹ̀, kí wọ́n kọ "àwo tó ń jẹ lọ́wọ́", "àwo tó ti jẹ rí", "àwo tó ń du oyè". Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á rò pé abọ́ ń jẹun, kó kọ "àwo tó wà lórí oyè", ó parí. Á tún rọrùn láti sọ ibi tó ti ń jẹ, torí oyè ìlú kan kọ́ ni. Òyìnbó tó jẹ́ pé Juju Music ti 1982 ló fi mọ King Sunny Ade á bá ẹ fa á pé òun ló ń jẹ, bàbá mi tí wọ́n ti ń ra àwo ẹ̀ kí Òyìnbó tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ ò ní dá a lóhùn rárá. Àbúrò tó ní kò yẹ ká fi ọ̀rọ̀ oyè sọ ti orin, ọkùnrin tí mo dárúkọ tán yìí, kí ló ṣíwájú orúkọ ẹ̀?

Bàbá Àgbà padà wá ní Sátidé. Wọ́n ní kí n yọ orin mẹ́ta yẹn kúrò. Mo ní Bàbá, odindi nìyí o, wọ́n ní àwọn ò bi mí. Mo yọ ọ́, mo sọ fólídà náà ní "Revolver ti Bàbá". Wọ́n fi íáfóònù setí, wọ́n dúró kí "Eleanor Rigby" tán, bí "Love You To" ṣe wọlé báyìí wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n, àwo nìyẹn.