Ìgbà Ìṣàwárí tàbí Ìgbà Ìbáninílé?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe àkókò tí àwọn ará Yúróòpù ń tukọ̀ káàkiri òkun, láti nǹkan bí 1400 títí dé 1600, ní "Ìgbà Ìṣàwárí". Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn.

Èdè wa fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ohun tí èèyàn wá títí tó fi rí i ni àwárí. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ọ̀nà Éṣíà ni Columbus, atukọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún Sípéènì, ń wá. Ohun tó wá, kò rí i. Ohun tó rí, ìyẹn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò wá a. Vasco da Gama, atukọ̀ ará Pọ́túgà, ní tirẹ̀ wá Íńdíà, ó sì dé ìlú Calicut níbẹ̀ ní 1498, mo gbà. Ṣùgbọ́n láti Malindi, ní etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ti fún un ní atukọ̀ tó mọ̀nà, àwọn oníṣòwò Lárúbáwá sì ti wà ní Calicut kó tó dé. Àní ọkọ̀ Zheng He, ọ̀gágun ojú omi láti Ṣáínà, ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí 90 ọdún ṣáájú.

Ti Tenochtitlan, olú-ìlú àwọn Mexica (Aztec) ní ibi tí a ń pè ní Mẹ́síkò lónìí, ló dùn mí jù. Orí adágún ni àwọn Mexica tẹ̀ ẹ́ dó sí. Wọ́n la ọ̀nà gbòòrò gba orí omi kọjá, wọ́n fa omi mímu wá láti Chapultepec, wọ́n fi ẹrẹ̀ kọ́ oko sínú adágún, wọ́n sì ń gbin àgbàdo sí i. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Cortés, balógun ará Sípéènì, ń sún mọ́ ìlú yìí ní 1519, Bernal Díaz, ọ̀kan lára wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan ń béèrè bóyá àlá ni àwọn ń lá. Ṣé irú ìlú bẹ́ẹ̀ la ó ní ẹnìkan ṣàwárí?

Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn tí onílé sì dáhùn, a ó ní ó bá a nílé. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "Ìgbà Ìbáninílé".

Àbúrò wa kan ní orúkọ yìí tutù jù, pé ó bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n dídé àlejò nìkan ni mo fi ń pè. Ìkógun àti ìmúnisìn ní orúkọ tiwọn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n pamọ́. Ìṣubú Tenochtitlan ní 1521, ìṣẹ́gun ni ká pè é, ká sì kọ ọ́ pé àwọn ará Tlaxcala, tí wọ́n ti ń bá Mexica jà tipẹ́, tí wọ́n sì gbè sẹ́yìn Cortés, pọ̀ nínú ogun náà ju àwọn ará Sípéènì lọ. Mo fẹ́ràn ìjọba Mexica, síbẹ̀ ó ní ọ̀tá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá.

Nínú ìwé àwọn ọmọdé, gbólóhùn tí mo fẹ́ rèé: "Ní ọdún 1492, Columbus gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan tí àwọn Taíno tó ń gbé ibẹ̀ ń pè ní Guanahani."