Owó ìsọ̀ ní tréèdì féà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja yíyan là ń tà l'Ẹ̀pẹ́, èmi àti àǹtí mi, a wá fẹ́ gba ààyè ní tréèdì féà Èkó tí wọ́n máa ń ṣe loṣù kọkànlá. Owó ààyè nìkan kọ́ ló ń já mi láyà, àwọn tó tẹ̀ lé e ló pọ̀: bánà, epo jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lójoojúmọ́, oúnjẹ àwọn ọmọ tó máa bá wa tà. Kápẹ́ńtà ní òun máa kan ṣẹ́ẹ̀fù tuntun, ó dáa o, àmọ́ tí féà bá parí ibo la fẹ́ gbé e sí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ká kúkú yá a ni àbí ká kan èyí tó ṣeé tú palẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń gbà kí oníṣòwò méjì pín ìsọ̀ kan?